Ẹni Tí Ń Fọwọ́ Sí Ìwé Kí Bàálù Tó Gbéra

Ní gbogbo ọdún tí a bá ń ṣe wòlímà, a máa ń bi àwọn ọmọ wa léèrè níwájú èrò pé iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ ṣe bí wọ́n bá dàgbà. Ẹni tó bá ní dókítà, a óò pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó bá ní lọ́yà, a óò pàtẹ́wọ́. Èyí tó bá wá ní òun fẹ́ máa wa bàálù, ńṣe ni gbogbo àwùjọ yóò hó yèè, tí ìyá rẹ̀ yóò sì dìde jó. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ kí ọmọ kan sọ pé òun fẹ́ máa tọ́jú bàálù. Bí ọmọ kan bá sì sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé a óò káàánú rẹ̀ ni, a óò ní mẹkáníìkì ló fẹ́ ṣe.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí nìyẹn. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ ẹnjiníà tí ń tọ́jú ọkọ̀ òfuurufú, àgàgà àwọn tí ń tọ́jú aago àti kọ̀ǹpútà iwájú awakọ̀, jẹ́ iṣẹ́ tó yẹ kí àwa ará Mowe, Ìbàfò àti Ìfọ̀ máa fi ọmọ wa sí. Mo sì tún gbà pé bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní àwọn ilé-kéwú wa báyìí kò lè gbé e débẹ̀, àfi bí a bá ṣe àtúnṣe.

Kí ló kan àwa ará ibí? Orí wa ni ọ̀pọ̀ bàálù tó ń lọ sí Ìkẹjà tàbí tó ń bọ̀ níbẹ̀ ń gbà kọjá. Ọmọdé tó ń kọ wàláà rẹ̀ ní Ìfọ̀ mọ ìró wọn bó ṣe mọ ìró ọkọ̀ akérò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìró nìkan la mọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22, oṣù October, ọdún 2005, nínú Ràmàdáánì ọdún 1426, ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ nínú wa wà lórí ìrun àṣámù, Boeing 737 kan ti ilé-iṣẹ́ Bellview gbéra ní Ìkẹjà, ó ń lọ sí Abújá. Èèyàn 117 ló wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Wọ́n kọ́kọ́ kéde pé apá Kìṣí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló já sí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ tán kí a tó gbọ́ pé abúlé Lísà ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀ wa níbí. Ẹnikẹ́ni kò yè é. Nínú àwọn àpótí tí ń gba ohùn àti ìrìn ọkọ̀ sílẹ̀, kò sí èyí tó ṣe é lò fún ìwádìí. Àjọ ìjọba tó wádìí ọ̀ràn náà sọ nínú àbọ̀ rẹ̀ pé òun kò lè fi ìka kan ohun tó fà á ní pàtó, ṣùgbọ́n ó sọ pé ọkọ̀ náà ní àléébù lára, kò sì yẹ kí wọ́n jẹ́ kó gbéra.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kà. Ta ni ẹni tí ń sọ pé kí ọkọ̀ gbéra tàbí kó má gbéra? Awakọ̀ ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí awakọ̀ tó wọlé jókòó, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún nǹkan kan ṣe lára ọkọ̀, ẹnjiníà tó ní láísẹ́ńsì ní láti fọwọ́ sí ìwé pé òun yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára. Ìwé yẹn ni awakọ̀ gbà gbọ́. Ìwé yẹn ni èmi àti ẹ̀yin tí a kò mọ ojú ẹnjiníà náà rí gbà gbọ́ nígbà tí a bá wọ bàálù lọ sí Mẹ́kà. Bí a bá ń pe nǹkan kan ní àmánà láyé yìí, ìfọwọ́sí yẹn ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kádàrá ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lísà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ilé-kéwú ló mọ ìtàn ẹni tó fẹ́ fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láìso.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún ẹni tí kò wọ bàálù rí. Awakọ̀ tó wà nínú ìkùukùu tàbí nínú òkùnkùn kò rí ilẹ̀, kò sì rí ojú sánmà. Ara rẹ̀ gan-an lè tàn án jẹ: ó lè máa rò pé ọkọ̀ òun ń lọ gbọọrọ nígbà tó ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló kù tí yóò gbà gbọ́. Láyé àtijọ́, aago alábẹ́rẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Páìpù kékeré kan yọ síta níwájú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń kọlù ú ló ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Àwọn ihò kéékèèké tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló ń sọ bí ọkọ̀ ṣe ga tó, nítorí pé bí a bá ṣe ń gòkè sí i ni agbára afẹ́fẹ́ ń dín kù sí i.

Páìpù àti ihò wọ̀nyẹn ṣì wà lónìí. Ohun tó yí padà ni ọ̀nà tí ìròyìn wọn ń gbà dé ojú awakọ̀. Ní ọdún 1982 tí Boeing 767 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gíláàsì bíi ti tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n tò síwájú awakọ̀ dípò ọ̀pọ̀ aago. Nigeria Airways náà ra Airbus A310 ní àárín àwọn ọdún 1980, ọkọ̀ tó ní irú gíláàsì bẹ́ẹ̀. Èèyàn méjì ló ń wà á, bẹ́ẹ̀ àwọn ọkọ̀ ńlá tó ṣáájú rẹ̀ nílò ẹnì kẹta tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ṣọ́ aago ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà ló gba iṣẹ́ ẹnì kẹta yẹn. Nigeria Airways kógbá wọlé ní 2003, ṣùgbọ́n lónìí gíláàsì ló kún iwájú ọ̀pọ̀ bàálù tí ń kó èrò ní Nàìjíríà.

Báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe ń di àwòrán lórí gíláàsì? Ibí yìí ni inú mi ti máa ń dùn láti bá ọmọ ilé-kéwú sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹ ti mọ díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà láìfura. Ẹ mọ ṣifr. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá yẹn ni àwọn òyìnbó ń yí títí tó fi di zero. Ẹ ti gbọ́ orúkọ al-Khwarizmi, ọ̀mọ̀wé Bàgídáàdì tó gbé ayé ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn, tó kọ ìwé lórí oǹkà àwọn ará Íńdíà. Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n sọ di algorithm, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé lẹ́sẹẹsẹ. Kọ̀ǹpútà inú bàálù kò mọ̀ ju òdo àti oókan lọ. Ẹ kàn mú un pé bí iná bá wà, oókan ni. Bí kò bá sí, òdo ni. Nínú oǹkà tirẹ̀, àrún ni 101, ẹ̀wá ni 1010. Afẹ́fẹ́ wọ inú kọ̀ǹpútà kan, ó di iná, iná di òdo àti oókan, wọ́n sì gba inú wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra wọn lọ síwájú awakọ̀.

Ìlànà tí ọ̀pọ̀ bàálù ń lò fún ìránṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní ARINC 429. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń gba inú wáyà náà jẹ́ òdo àti oókan 32, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni orúkọ rẹ̀: bó bá jẹ́ 203, gíga ọkọ̀ ni, bó bá jẹ́ 206, eré rẹ̀ ni. Èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ ẹlẹ́rìí. Wọ́n ń ka gbogbo oókan tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, iye rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣe é pín sí méjì dọ́gba. Bó bá ṣe é pín, kọ̀ǹpútà tó gbà á mọ̀ pé nǹkan ti bà á jẹ́ lọ́nà, kò ní lò ó. Bí ìyá ṣe ń ka orí àwọn ọmọ tó rán níṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá padà dé ni.

Nígbà tí gíláàsì bá wá fi nǹkan tí kò yẹ hàn, ẹnjiníà tí kò mọ ẹ̀kọ́ yìí kò lè mọ̀ bóyá gíláàsì ló ń ṣàìsàn, tàbí kọ̀ǹpútà, tàbí wáyà, tàbí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ohun tó kù fún un kò ju pé kó yọ èyí, kó fi òmíràn sí, kó máa wò ó bóyá yóò ṣiṣẹ́.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn rìwáyà wa tó wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú wọn fi gílóòbù kékeré kan àti wáyà méjì wá ibi tí iná ti já nínú mọ́tò mi ní Ìbàfò, nínú òjò, kò sì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá fi gílóòbù yẹn kan wáyà kọ̀ǹpútà bàálù, kò ní sọ nǹkan kan fún un, ó sì lè ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀, nítorí ohun tó ń gba inú wáyà yẹn kì í ṣe iná lásán, ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lima, ní orílẹ̀-èdè Peru, ní oṣù October ọdún 1996. Òṣìṣẹ́ kan ń fọ ara Boeing 757 kan ti ilé-iṣẹ́ Aeroperú. Kí omi má baà wọ àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lẹ téèpù mọ́ wọn. Wọ́n gbàgbé láti ṣí i. Àwọn tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò kò rí i. Lóru ni ọkọ̀ náà gbéra, ó forí lé òkun, gbogbo aago sì bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́. Awakọ̀ bi àwọn tó wà nílẹ̀ pé báwo ni òun ṣe ga tó. Wọ́n wo rédà wọn, wọ́n ní 9,700 ẹsẹ̀ bàtà. Kò sẹ́ni tó rántí pé láti inú ọkọ̀ náà gan-an ni rédà ti ń gba iye gíga yẹn, pé irọ́ kan náà ni wọ́n ń sọ padà fún un. Omi ló wà lábẹ́ rẹ̀ tààrà. Èèyàn 70 ló kú nítorí téèpù.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Indonéṣíà ní October 2018 jọ ọ́, ṣùgbọ́n ó jìn jù ú lọ. Boeing 737 MAX tuntun ni, ti Lion Air, kò tíì pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀, tó ń sọ bí ọkọ̀ ṣe dojú kọ afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú jàǹbá náà. Àlòkù tí wọ́n tún ṣe ni èyí tí wọ́n fi sí i, ilé-iṣẹ́ tó tún un ṣe sì ti ṣètò rẹ̀ lódì, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí dìgírì 21 ló fi yẹ̀ kúrò lórí òtítọ́. Àwọn olùwádìí kò rí ẹ̀rí tó múná dóko pé wọ́n dán an wò bó ṣe yẹ lẹ́yìn tí wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà gba irọ́ náà gbọ́, ó ń tẹ imú ọkọ̀ wálẹ̀ lera lera, awakọ̀ ń gbé e sókè, títí wọ́n fi wọ òkun. Èèyàn 189. Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru òṣìṣẹ́, nítorí àwọn tó kọ́ ọkọ̀ náà ló jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo dájọ́, ohun tí kò sí adájọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò gbà. Oṣù márùn-ún kò tíì pé tí irú ọkọ̀ kan náà fi já ní Etiópíà, ní March 2019, tó pa èèyàn 157. Ọmọ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi, ọmọ Ìsánlú, wà nínú wọn.

Nǹkan kan tún wà nínú ẹ̀kọ́ yìí tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu bí mo bá sọ ọ́. Nígbà ọyẹ́, bí ẹ bá ń bọ́ súwẹ́tà, ẹ máa ń gbọ́ tó ń ta pápápá. Iná nìyẹn. Ara èèyàn kì í sábà mọ̀ ọ́n bí kò bá tó nǹkan bí 3,000 volt. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó wà nínú kọ̀ǹpútà, òmíràn wà tí kò ní gba 100 volt kó tó bàjẹ́. Ẹnjiníà tó bá mú kọ̀ǹpútà bàálù lọ́wọ́ láìde ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́ wáyà tó wọlẹ̀ lè pa á láìmọ̀, láìrí èéfín, láìgbọ́ ariwo. Ó tún burú jù bí kò bá kú tán: yóò ṣiṣẹ́ lónìí nígbà àyẹ̀wò, yóò dákú lókè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ibo la ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí? Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ òfuurufú tó wà ní Zaria, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọkọ̀ tó yàtọ̀ sí ti awakọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ kàn. Òfin tí gbogbo ayé jọ fọwọ́ sí ni pé ẹni tí yóò gba láísẹ́ńsì gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 18, kó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin, tàbí ọdún méjì bó bá ti jáde nílé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Nílẹ̀ Yúróòpù, ẹ̀kọ́ òdo àti oókan pẹ̀lú gíláàsì iwájú awakọ̀ ní ìdánwò tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹni tí kò bá gba 75 nínú 100 ti fìdí rẹmi. (Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó gba 50 nínú ìṣirò, àgbò la máa ń pa.) Ẹni tó bá sì mọ Boeing 737 dáadáa kò lè torí rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé Airbus A320, ó gbọ́dọ̀ lọ kọ́ ìyẹn náà.

Ẹ̀yin Áfáà wa, irú ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ọmọ kì í fọ wàláà kan kó tó kà á fún Áfáà létí. Áfáà kì í bi í pé ṣé o ti mọ̀ ọ́n, ó ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni, bó bá sì ṣi fátíhà kan kà, yóò dá a padà. Bí ẹnjiníà àgbà ṣe ń ṣe sí ọmọṣẹ́ nìyẹn, ó ń fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ náà kó tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi gbà pé ọmọ tó ti gba ẹ̀kọ́ wàláà dáadáa ti ní sùúrù tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ohun tí kò ní ni Físíìsì.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Ọmọ wa yóò parí Thánáwì, yóò lè ṣàlàyé gírámà Lárúbáwá tí ẹnu yóò fi yà yín, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ òfuurufú yóò bi í léèrè Ìṣirò, Físíìsì àti Èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní rí nǹkan kan fi hàn. Mo mọ ọmọkùnrin kan lágbègbè Mowe tó ń tú rédíò tò láti ọmọ ọdún mọ́kànlá. Nígbà tó jáde, oko ọ̀kadà ló lọ. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Àwa la kò ṣí ilẹ̀kùn náà fún un.

Àwọn òbí kan ti sọ fún mi pé owó rẹ̀ pọ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́, mi ò ní parọ́. Ó sì yẹ kí ẹ ṣọ́ra, nítorí bàbá kan ládùúgbò wa san owó rẹpẹtẹ síbì kan tí wọ́n ní wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ òfuurufú. Ọdún kan ààbọ̀ ni ọmọ náà lò níbẹ̀, kò fọwọ́ kan bàálù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àjọ NCAA tí ń fúnni ní láísẹ́ńsì kò sì mọ ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún un. Ọ̀dọ̀ NCAA ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Àwọn mìíràn ní kò síṣẹ́ níbẹ̀. Èyí ni mi ò gbà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù wa ṣì ń gbé ọkọ̀ wọn lọ sókè òkun fún àyẹ̀wò ńlá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń san án. Etiópíà, tí kò lówó jù wá lọ, ń kọ́ ẹnjiníà tirẹ̀ ní Addis Ababa, ó sì ń tọ́jú ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn gbowó. Nílé níbí, ní 2017, Aero Contractors bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú àyẹ̀wò ńlá bẹ́ẹ̀ fún Boeing 737 ní Ìkẹjà, èyí tó fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà lè ṣe é. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa sì ti kọ́ pápákọ̀ òfuurufú sí àárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn, tí kò jìnnà sí Mowe. Ní ayé àwọn bàbá wa, Ìfọ̀ ni ọ̀nà rélùwéè ti pín, tí ẹ̀ka kan gba Ìlaròó lọ sí Ìdógò. Reluwé kò kọjá lọ́dọ̀ wọn lásán, ọ̀pọ̀ ló wọ iṣẹ́ náà. Bàálù ń kọjá lórí àwa lójoojúmọ́, àwòrán nìkan la ń fi fóònù yà.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Wákàtí méjì ní gbogbo Sátidé fún Ìṣirò àti Físíìsì, fún ọkùnrin àti obìnrin, láti kíláásì Ìdáádì lọ sókè. Tábìlì kan, mítà tí a fi ń wọn iná méjì, bátìrì, gílóòbù, wáyà, àti rédíò àlòkù mélòó kan tí àwọn ọmọ yóò máa tú. Ẹgbẹ́ àsàlátù wa lè dá owó yẹn láàárín oṣù kan bí a bá dín ìnáwó wòlímà kù díẹ̀. Olùkọ́ Físíìsì kan nílé-ìwé girama tó wà nítòsí wa ti gbà láti máa wá lọ́fẹ̀ẹ́ títí ìsinmi yóò fi dé. Èmi yóò gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní rédíò tó ti kú nílé, kó jọ̀wọ́ gbé e dání wá.